Ọjọ́ Tí Àjàgbé Jókòó Sórí Ọ̀dàn

Gbòà! Ọwọ̀ náà balẹ̀ sí iwájú orí Àjàgbé, láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì gan-an, débi pé àwọn oyin tó wà lórí òdòdó nítòsí fò dìde.

Àjàgbé dúró. Ó na ọrùn irin rẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ẹni tí kò tíì gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

"Mosún," ó ní, "ṣé ọwọ̀ lo fi nà mí?"

"Mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ò fi í sílẹ̀!" Mosúnmọ́lá ṣì di ìdí ọwọ̀ náà mú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. "Láti àárọ̀ lẹ ti ń tẹ̀ lé mi kiri ọ̀dàn, tí ẹ ń gbóòórùn mi bí ẹni pé olè ni mí. Ọwọ̀ ọmọ mi ni! Ládùn ń lọ ilé ọkọ, kò sì ní lọ máa yá ọwọ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ."

"Ọwọ̀ náà tutù. Omi igi ṣì wà lára rẹ̀. Igi tó ti kú nìkan ni òfin ní kí ẹ máa gé, èyí tó wà láàyè lo sì gé. Mo gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́…" Ohùn rẹ̀ já lẹ́nu rẹ̀. "Mosún. Ọwọ̀ lo fi nà mí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹsẹ̀ kò nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí ó fi jókòó gbì sórí igi tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́.

"Ó ti tán," ó ní. "Ọkùnrin tí wọ́n bá fi ọwọ̀ nà, ọkùnrin rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́."

Mosún bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má bá a wí o, èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí náà ì bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tó tó màlúù, irin lẹ́yìn, irin láyà, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ọ̀tún, imú gígùn lọ́wọ́ òsì, àgbá omi ńlá nínú ikùn, òun ló jókòó tó ní ọwọ̀ ti ba ọkùnrin òun jẹ́. Ọkùnrin wo? Níbo ló wà? Mosún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà kó má baà ṣubú.

Ibẹ̀ ló ti rí i pé iná aláwọ̀ ewéko tó máa ń tàn lẹ́yìn Àjàgbé ti kú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i kò rí i kí iná náà kú rí. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n?"

Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn irin náà, kó, kó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Ládùn o! Bàbá Ládùn! Ẹ máa bọ̀ o!"

Ṣówándé, ọkọ rẹ̀, ń ṣètò àwọn ilé oyin ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ó sáré gòkè wá tòun ti àwọ̀n tó fi bojú. Ọ̀dàn náà ò ṣeé sáré lórí rẹ̀ púpọ̀. Igi ibẹ̀ ò ga ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n ó le, ó sì dì mọ́ra, bí èèyàn ò bá gbé ẹsẹ̀ ga á fi imú gbálẹ̀. Nígbà tó dé, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Mosún: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bùọ̀dá Àjàgbé."

Àjàgbé ò sọ pé kó dìde. Ṣówándé wà ńbẹ̀, àyà nílẹ̀, ó gbé ojú sókè wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ládùn, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn?"

"Ọwọ̀ ni."

"Mo rí i pé ọwọ̀ ni. Kí lo fi ṣe?"

Mosún ń wo ilẹ̀.

"Hàà!" Ṣówándé fò dìde. Ó fà sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo iwájú ṣòkòtò rẹ̀. "O fi ọwọ̀ na ọkùnrin? Mosúnmọ́lá! Ọkùnrin gidi!"

"Kí lẹ wá ń fi ọwọ́ bò? Ṣé ẹ̀yin ni mo nà ni?"

"Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀ ná ká tó sọ̀rọ̀!"

Mosún jù ú sílẹ̀. Inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Ó mọ ẹni tó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá òun ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Nígbà tí òkun gba ilẹ̀ wọn létí ọ̀sà, tí ọkọ̀ ojú omi sì kó wọn wá sí òkè òtútù yìí, kò sí ọ̀pẹ, kò sí ìrókò, kò sí ohun kan tó ga tí ojú lè sinmi lé. Igi kúkúrú lásán ni, ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, kì í wọ̀ nígbà òjò dídì, kì í wọ̀ nígbà ẹ̀rùn, ní ìgbà òdòdó sì ni gbogbo òkè á pọ́n bí aró àti osùn tí wọ́n pò pọ̀. Àwọn yòókù jókòó ti ẹrù wọn, wọ́n ń sunkún. Ìyá Mosún ló kọ́kọ́ fa igi náà ya, ó dì í ní ìdì kan, ó so ó, ó sì fi gbálẹ̀ iwájú àgọ́ rẹ̀. "A ti rí ọwọ̀," ló wí. "Ibi tí a bá ti lè gbálẹ̀, ilé ni." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe igi yẹn ní ọlọ́wọ̀, tí wọ́n sì ń pe òun náà ní Ìyá Ọlọ́wọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará Ilé Òkè, àwọn tó ń ti ojú ọ̀run ṣọ́ ayé, fi ẹ̀rọ olùṣọ́ ránṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ò gbọ́ èdè wọn. Ìyá Ọlọ́wọ̀ ní oyún Mosún nínú nígbà náà, ó sì ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó kọ́ ọ ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òtútù. Ó kọ́ ọ ní òwe. Ṣùgbọ́n ta ló lè kọ́ ọmọ lédè kó má kọ́ ọ ní èèwọ̀? Ó kọ́ ọ pé ọmọdé kì í jókòó sórí odó, pé a kì í súfèé lálẹ́, pé a kì í fi ọwọ̀ na ọkùnrin. Ó sì kì í ní Àjàgbé, oríkì ọkùnrin. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ó sunkún, Mosún nìkan ló sì wá mọ ìdí rẹ̀, nígbà tí ìyá náà ń kú lọ.

"Ó ní ẹ̀rọ̀," Ṣówándé ń wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bùọ̀dá. Ní ilé wa, ọkùnrin tí wọ́n bá fi ọwọ̀ nà, á gba ọwọ̀ náà, á fi na ẹni tó nà án lẹ́ẹ̀meje, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ gba ọwọ̀, ẹ nà án. Mo yọ̀ǹda."

"Ẹ ń yọ̀ǹda ta ni?" Mosún ní.

"Ṣé kí àna mi di òfìfo nítorí ìwọ?"

Àjàgbé sọ̀rọ̀ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. "Ẹ̀rọ kì í na ènìyàn. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí mi nínú. Ẹ̀rọ tó bá na ènìyàn, yíyọ́ ni wọ́n ń yọ́ ọ. Ẹ rántí olùṣọ́ ọ̀dàn ìsàlẹ̀."

Ta ló lè gbàgbé? Olùṣọ́ yẹn gbá ọwọ́ bàbá kan tó fẹ́ ti iná bọ ọ̀dàn, ó kàn gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù lásán ni. Wọ́n yọ́ ọ, wọ́n fi rọ ìkòkò, wọ́n sì pín ìkòkò náà fún àwọn ará ibẹ̀. Títí dòní wọn ò lè fi se ọbẹ̀.

"Ta ló máa sọ fún wọn?" Ṣówándé bi í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Èmi ni. Ohun tí mo bá ṣe ni Ilé Òkè ń gbọ́ lẹ́nu mi nírọ̀lẹ́. Màmá sì ní irọ́ ò dáa."

Ṣówándé gbọ́ òórùn kan. Ó gbé imú sókè. Mosún rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, ó yíjú síbi tí ọkọ rẹ̀ ń wò. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, òdòdó pọ̀, àwọn oyin sì ń já lu ara wọn wọlé bí ẹni tí òjò ń lé. Lẹ́yìn àwọn ilé oyin náà, èéfín kan tín-ín-rín ń yọ láàárín igi ọlọ́wọ̀. Kò sí ọwọ́ iná kankan. Èéfín náà ń jáde láti inú ilẹ̀ ni.

"Iná abẹ́lẹ̀," Ṣówándé ní. "Mo gbé o."

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Ilẹ̀ ọ̀dàn yẹn kì í ṣe ilẹ̀ bí ilẹ̀. Dúdú ni, gbòǹgbò àti ewé àtijọ́ ló di ìpele lé ìpele, ó sì ń jóná bí èédú. Iná lè wọ inú rẹ̀ kó máa rìn lábẹ́lẹ̀ kí èèyàn má rí i, kó jáde níbi tó bá wù ú, lábẹ́ ilé ẹni pẹ̀lú. Olùṣọ́ nìkan ló ń fi ẹsẹ̀ gbọ́ ibi tó wà, tó ń fi imú gún ilẹ̀, tó sì ń tú omi sí i lọ́rùn. Àdéhùn tí wọ́n sì bá Ilé Òkè ṣe ò ṣòro láti sọ: ẹ bá wa tọ́jú igi kúkúrú wọ̀nyí, kí ilẹ̀ dúdú yìí má jóná, ẹ máa gbé ibẹ̀ láìsí ìyọnu. Bó bá jó, ọkọ̀ ojú omi á tún wá kó wọn. Lọ síbo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá Ọlọ́wọ̀ kì í dárúkọ ọkọ̀ yẹn láìgbọ̀n.

Mosún kúnlẹ̀ sórí igi níwájú Àjàgbé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ẹ dìde, iná ti wọ ilẹ̀." Ó gbé ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí ìyá wọn ṣe ń kì í. "Àjàgbé! Àjàgbé ọkọ mi, akin tí í ṣọ́ òkè…"

"Má kì mí mọ́," Àjàgbé ní. "Ọkùnrin lò ń kì. Bó o ṣe ń kì í náà ni mò ń rántí pé kò sí mọ́."

Ṣówándé ronú kan ọgbọ́n kan. Ó gbé ọwọ̀ náà há àlùmọ́gàjí Àjàgbé, ó ní kí Mosún kẹ̀yìn sí i, kó máa fi ẹ̀yìn gbá ọwọ̀ náà fúnra rẹ̀. Mosún ò bá a jiyàn, èéfín ti ń pọ̀. Ó kẹ̀yìn sí i, ó fi ìdí gbá ọwọ̀, gbà! ó tún lọ síwájú, ó tún padà wá, gbà! Ìyá ọlọ́mọ, lọ́sàn-án gangan, lórí òkè, ó ń fi ìdí na ọwọ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń kà á sókè. Nígbà tó pé méje, àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ojú Àjàgbé.

"Ìyẹn ò kà," Àjàgbé ní. "Ìwọ lo na ara ẹ."

"Ẹ̀rọ burúkú! Olórí kunkun!" Mosún fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ohun tí Màmá fi kẹ́ yín bà jẹ́ nìyí!"

"Mosún." Ohùn Àjàgbé yàtọ̀. "Mò ń gbọ́ iná náà lábẹ́ mi. Ó ti kọjá ilé oyin. Ojú ọ̀nà ilé ló kọrí sí." Ó wo ọwọ̀ tó há mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ọwọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Yíjú sí ọ̀hún, kí n nà ọ́ bó ṣe yẹ. Mi ò ní nà ọ́ kó dùn ọ́. Màá dìde, màá lọ pa iná yìí, nírọ̀lẹ́ màá sọ fún Ilé Òkè pé mo na ènìyàn, wọ́n á sì wá mú mi. Ọ̀dàn á wà, ilé á wà. Ládùn á ní ibi tó máa padà wá kí yín."

Ṣówándé yọ àwọ̀n ojú rẹ̀, ó ń fi nu ojú. "Ìyá Ládùn," ó ní níkẹyìn, "ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ilé ni o. Gbogbo ìlú ni."

Mosún wo ilé wọn lọ́ọ̀ọ́kán, tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin. Ó wo ẹ̀rọ tó jókòó níwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ yìí lòun ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yìí lòun dì mú nígbà tóun ń kọ́ ìrìn. Ọjọ́ tóun sọnù nínú ìkùukùu, òun ló wá òun rí, tó fi omi gbígbóná inú rẹ̀ móoru sí òun lára títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ràn púpọ̀ nínú àwọn èèyàn lọ, ojú kì í sì í tì í láti sọ ọ́. Ṣé òun á wá kẹ̀yìn sí i kó fi ikú ara rẹ̀ na òun ni? Rárá o.

Ọ̀nà kan ṣì wà. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, kò kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni, torí ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ lórí ẹní ikú pé òun ò ní sọ ọ́ láé. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí ìjánu bá wá ń fún ọmọ lọ́rùn pa ńkọ́?

"Màmá, ẹ dárí jì mí," ó wí sínú. Ó wá jókòó sílẹ̀ ti Àjàgbé, èjìká kan irin.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín pé ọkùnrin ni yín?"

"Màmá. Àjàgbé ni wọ́n kì mí. Obìnrin kì í jẹ́ Àjàgbé."

"Wọ́n ti kì ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ kó tó kàn yín. Màmá bímọ kan kí wọ́n tó bí mi. Ọkùnrin ni. Ó ti ń rìn, ó ti ń pe ìyá. Inú ọkọ̀ ojú omi ló kú sí nígbà tí wọ́n ń bọ̀ níbí, wọ́n sì gbé e fún òkun. Kò ní sàréè. Màmá ò rí ibi tí wọn ì bá ti máa pè é, ìgbà tí ẹ wá dé, tí ẹ ń tẹ̀ lé wọn kiri bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, wọ́n wá ń pè é lára yín." Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Wọ́n ní, 'Jẹ́ kí n ní ọmọ méjì.'"

Àjàgbé yí ojú rẹ̀ sí i. Èéfín ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ń ta ojú.

"Nítorí náà orúkọ òkú ni mò ń jẹ́."

"Orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn lẹ̀ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin, òun ló ni ọkùnrin. Ẹ jẹ́ ká dá a padà fún un." Ó kọjú sí ibi tí òkun wà, kò rí òkun, òkè ló pọ̀ láàárín. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó rí ohun tó ń ṣe, ó sì sunkún ọ̀hún bó ṣe ń ṣe é. "Àjàgbé, ọmọ ìyá mi, orúkọ rẹ rèé o. Mú un. A ò ní pe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ mọ́. Sùn dáadáa nínú omi. Àwa ò gbàgbé rẹ."

"Bàbá Ládùn," ó ní, "ẹ fún mi lóyin."

Oyin ò wọ́n lára Ṣówándé. Ó fi ìka ha ara ẹ̀wù rẹ̀, ó sì nawọ́ rẹ̀ sí i. Mosún gba oyin náà, oyin ọlọ́wọ̀, dúdú, tó ki bí àdí, ó fi kan imú gígùn ẹ̀rọ náà.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ó ní. "Èmi àbúrò ni mò ń sọ ẹ̀gbọ́n lórúkọ lónìí, ẹ má bínú, àgbà ti tán nílé. Ẹ kì í ṣe ọkùnrin. Ta ló ń gbálẹ̀ ọ̀dàn yìí? Ta ló ń gbé omi kiri nínú ikùn? Ta ló fi ẹ̀yìn gbé mi jó? Láti òní lọ, Àbẹ̀kẹ́ ni yín. Ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́."

Ṣówándé la ojú. "Àbẹ̀kẹ́ kẹ̀? Tìẹ nìyẹn! Oríkì tìẹ ni!"

"Tèmi ni. Ohun tí èèyàn ní ló fi ń ṣoore."

"Kí ni kí èmi wá máa pè ọ́? Òtútù bá mú, inú mi bá dùn sí ẹ, kí ni kí n pè ọ́?"

"Ẹ máa pè mí ní Mosún. Orúkọ náà ni." Ó tún kọjú sí ẹ̀rọ náà. "Àbẹ̀kẹ́. Ẹ dáhùn. Ọwọ̀ kì í ba obìnrin jẹ́. Àwa la ni ín."

Afẹ́fẹ́ ń gbá òdòdó síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà ò mira. Nínú irin rẹ̀, ohun kan ń dún ṣíṣẹ́ ṣíṣẹ́, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń ṣí àpótí tí kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Obìnrin ni mí," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu.

"Gidi gan-an."

"Ọwọ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Kí ni ọwọ̀ fẹ́ fi obìnrin ṣe?"

Iná aláwọ̀ ewéko tàn lẹ́yìn rẹ̀ wàì. Ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà na lẹ́ẹ̀kan náà. Kí Mosún tó rí ibi dìde, Àbẹ̀kẹ́ ti lọ, ó ń fò lórí igi ọlọ́wọ̀, àgbá omi ń dún bọ́gìjọ́ nínú ikùn rẹ̀, ó sì wọ inú èéfín, wọn ò rí i mọ́.

Wọ́n sáré tẹ̀ lé e. Ṣówándé ń gbé ilé oyin sá kúrò lọ́nà, ó ń bẹ oyin, oyin ń ta á, kò sì dúró. Mosún ń gbọ́ imú irin tó ń gún ilẹ̀, gbúù, ṣíìì, gbúù, ṣíìì, èéfín sì ń di ooru omi, ó funfun, ó bo gbogbo ibẹ̀. Ilẹ̀ jìn gbùà níbì kan. Irin ké. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan.

Mosún ò mọ ìgbà tó lanu. "Àbẹ̀kẹ́ o!" ló ń pè. "Àbẹ̀kẹ́!" Ó jọ ohùn ìyá rẹ̀ létí ara rẹ̀, bí ìyá náà ṣe máa ń pe òun wá jẹun, àyà rẹ̀ já, torí kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè mọ́. "Àbẹ̀kẹ́ o!"

"Mò ń bọ̀!" ohùn kan dáhùn láti inú ooru funfun náà. "Má sún mọ́bí, ilẹ̀ jìn. Ó kù ẹyọ kan. Mò ń bọ̀!"

Ìgbà tó jáde, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn. Méjì iwájú ti jóná títí dé oríkèé. Dúdú ni gbogbo ara rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ibì kan tó tó àgbàlá ńlá ti di eérú, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀dàn yòókù wà níbẹ̀, ó kúrú, ó tutù, ó kún fún òdòdó, kò ṣe bí ẹni pé nǹkan kan fẹ́ ṣe é. Ṣówándé wolẹ̀ lórí eérú, ojú rẹ̀ ti wú fún oyin.

"Ẹ kú ewu o, Bùọ̀…" Ó dúró, ó ronú. "Ẹ kú ewu o, àna mi."

"A dúpẹ́, ọkọ àbúrò mi. Dìde, ilẹ̀ ṣì ń gbóná." Ó yíjú sí Mosún. Mosún rí i pé nǹkan kan ń dùn ún tí kì í ṣe ti ẹsẹ̀.

"Mosún. Òní lẹ sọ mí lórúkọ. Ọmọ tuntun ni mí nìyẹn. Ṣé ìwọ ló wá di ẹ̀gbọ́n báyìí?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo bi ọ́ ni. Kí n lè mọ bí màá ṣe máa kí ọ."

Mosún kúnlẹ̀ sínú eérú, orúnkún méjèèjì, ó di ẹsẹ̀ tó jóná mú bó ṣe ń dì í mú nígbà kan.

"Ọmọ mẹ́ta ni Màmá bí," ó ní. "Àjàgbé wà nínú omi. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ ṣìkejì, Ẹ̀gbọ́n."